S39.013A: Ìtàn Kóòdù Tí Wọ́n Fi Ń Kọ Iṣan Ìbàdí Tó Fà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ní sáà tó kọjá, ẹ̀ka wa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹ̀ka Ìtàn. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí nígbà tí ọ̀rẹ́ wa kan na ẹsẹ̀ jìnnà láti gba bọ́ọ̀lù, ni ohun kan bá fà á ní ìbàdí. Ó ṣubú, ó di ibi tí itan ti pàdé ikùn mú, kò sì lè dìde. Ìtàn ló borí lọ́jọ́ náà, itan ló dun tiwa.

Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sórí káàdì rẹ̀: ara ríro. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò tíì lè sáré. Ó gba ilé ìwòsàn mìíràn lọ. Ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti eegun níbẹ̀ yẹ káàdì náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ara ríro. Ibo lára? Kí ló ṣe é? Nígbà wo?" Kò sí èsì kankan lórí káàdì. Àyẹ̀wò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ wa náà sì tún sanwó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa sọ àkọsílẹ̀ dókítà di kóòdù. Nígbà tí a ròyìn fún ẹ̀gbọ́n wa yìí lórí WhatsApp, èsì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò ju lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ: S39.013A. Wọ́n ní tó bá jẹ́ iṣan ìbàdí ló fà, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́, ohun tí àwọn yóò kọ nìyẹn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ ní New York tàbí ní California, yóò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Àwa tí à ń kọ́ nípa èdè kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí kí a dákẹ́. Ta ló sọ àìsàn lórúkọ tó jọ nọ́ńbà mọ́tò? Báwo ni orúkọ náà ṣe gun tó bẹ́ẹ̀? A wádìí rẹ̀, ohun tí a sì rí ni pé ara kọ́ ló pín ara rẹ̀ sí ìsọ̀rí. Ẹni tó ní ìbéèrè kan lọ́kàn ló pín in. Bí ìbéèrè bá sì ti yí padà ni orúkọ àìsàn ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tó jẹ́ òkú nìkan ni wọ́n ń kà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti London, ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Àjàkálẹ̀ àrùn a máa jà níbẹ̀ léraléra, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ máa mọ iye ẹni tó kú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó pa wọ́n. Wọn kì í rán dókítà lọ. Àwọn àgbà obìnrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà, ni wọ́n ń rán láti wo òkú. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wò ó, wọ́n á bi àwọn ará ilé léèrè, wọ́n á sì lọ jíṣẹ́ fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ ìwé ìkéde òkú tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ọdún 1662, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Graunt kó àwọn ìwé wọ̀nyí jọ, ó sì kọ ìwé lé wọn lórí. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà. Orúkọ àwọn ohun tó pa ènìyàn nínú àkọsílẹ̀ yẹn lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lónìí. Ẹ ó rí "eyín" níbẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ọwọ́ tó kú ní ìgbà tí eyín ń yọ. Ẹ ó rí "òjijì." Ẹ ó rí àwọn tí wọ́n ní ìràwọ̀ ló pa, àti àwọn tí wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ló gòkè. Kí a má tíì rẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó bá gbọ́ bí a ṣe ń sọ pé "àìsàn ránpẹ́" ló pa ènìyàn nínú ìkéde òkú tiwa mọ̀ pé a ò yàtọ̀.

Graunt rí nǹkan kan tó ṣe pàtàkì. Ó kíyè sí i pé iye àwọn tí wọ́n kọ pé àrùn ìbálòpọ̀ pa kéré jù. Ó ní bí àwọn olùwò òkú bá ti mu ọtí díẹ̀, tí wọ́n sì gba owó lé owó iṣẹ́ wọn, orúkọ mìíràn tí kò ní ìtìjú nínú ni wọ́n ń kọ. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni owó ti ń darí kálàmù ẹni tó ń kọ orúkọ àìsàn. A ó padà sórí èyí.

Ṣé iṣan tó fà wà nínú ìwé náà? Rárá o. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ ń pa. Ẹni tó bá ń tiro lọ sí ọjà ní London ìgbà náà kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Kọ́ńgò kan ṣoṣo fún gbogbo ọjà

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pín àìsàn sí ẹbí àti ìran bí wọ́n ṣe ń pín ewéko. Sauvages ní ilẹ̀ Faransé àti Linnaeus ní Sweden tẹ àtòjọ tiwọn jáde ní 1763. Linnaeus yìí kan náà ni baba ìpín-sísọ̀rí ewéko. Cullen ní Scotland ṣe tirẹ̀ ní 1769. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọ̀mọ̀wé ń kọ fún ọ̀mọ̀wé ni wọ́n.

Ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba ni William Farr. Ìdílé tálákà ni wọ́n ti bí i ní 1807. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ìṣirò ló gbà á lọ́kàn. Ní 1837, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ jákèjádò England àti Wales. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ yìí ni Farr bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nínú ìròyìn àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì náà gbé jáde ní 1839, Farr ráhùn pé àìsàn kan ṣoṣo a máa ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kan ṣoṣo a máa dúró fún àìsàn púpọ̀. Ó ní orúkọ àìsàn fún oníṣirò dà bí òṣùwọ̀n fún ẹni tó ń wádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀wà ní ọjà méjì mọ ohun tó ń sọ. Bí kọ́ńgò ọjà kan bá tóbi, tí ti èkejì jẹ́ èyí tí wọ́n lu abẹ́ rẹ̀ wọnú, kò sí bí ènìyàn ṣe fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀wà ti wọ́n.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá náà mọ ìṣòro yìí. Ìdí tí àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí fi jókòó ṣe àkójọ èdè-ìperí nìyẹn, kí olùkọ́ kan má baà máa pe nǹkan ní orúkọ kan, kí èkejì máa pè é ní òmíràn nínú yàrá ìdánwò kan náà.

Ní 1853, àwọn oníṣirò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Brussels. Wọ́n bẹ Farr àti dókítà kan láti Geneva, Marc d'Espine, pé kí wọ́n ṣe àtòjọ kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè lò. Nígbà tí wọ́n padà dé ìpàdé ní Paris ní 1855, àtòjọ méjì ló wà nílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. D'Espine to tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀dá àìsàn ṣe rí. Farr pín tirẹ̀ sí ọ̀wọ́ márùn-ún: àjàkálẹ̀ àrùn, àìsàn tó kan gbogbo ara, àìsàn tó wà ní ojú kan nínú ara, àìsàn tó bá ìdàgbàsókè wá, àti ohun tí ìwà ipá tàbí ìjàǹbá fà. Ìpàdé náà pẹ̀tù sí i, wọ́n gba àtòjọ oríṣi 139 tó da tọ̀tún tòsì pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àtúnṣe tó tẹ̀lé e, ọ̀nà Farr ló ń lékè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni pé nígbà tí aláìsàn bá wọlé, ṣé "irú àìsàn wo ni?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, àbí "níbo lára?" Farr ní kí a bèèrè ibi tó wà lára, kí a sì ya ìpalára sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ tirẹ̀. Bí S39.013A bá ní bàbá àgbà, Farr ni.

Ìdílé oníṣirò kan ní Paris

Ẹni tó mú àbá wá ní Brussels ní 1853 ni Achille Guillard, ará Faransé tó mọ̀ nípa ewéko àti ìṣirò. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Jacques Bertillon, ló wá di olórí ẹ̀ka ìṣirò ìlú Paris. Jacques yìí ní àbúrò kan, Alphonse, tó gbajúmọ̀ nítorí pé ó ń wọn ara àwọn ọ̀daràn fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n lè dá wọn mọ̀. Nínú ilé kan náà, ọ̀kan ń to ọ̀daràn, èkejì ń to òkú.

Ní 1893, ní ìpàdé àjọ àwọn oníṣirò àgbáyé ní Chicago, Bertillon gbé àtòjọ rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ọgbọ́n tó lò ni pé ó ṣe é ní ìwọ̀n mẹ́ta: oríṣi 44, 99 àti 161. Orílẹ̀-èdè tí kò lágbára púpọ̀ lè lo èyí tó kúrú, tí ìṣirò rẹ̀ yóò sì tún bá ti àwọn yòókù mu. Ní 1898, àjọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Amẹ́ríkà dábàá ní Ottawa pé kí Canada, Mexico àti Amẹ́ríkà lò ó, kí wọ́n sì máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1900, orílẹ̀-èdè 26 pàdé ní Paris fún àtúnṣe àkọ́kọ́. Ohun tí ayé ń pè ní ICD lónìí ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, ohun tó ń pa ènìyàn ni orí àtòjọ náà. Wọ́n gbìyànjú ní 1900 àti 1909 láti fi ti àìsàn tí kì í pa ènìyàn kún un, ṣùgbọ́n àfikún náà kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ kò sì lò ó. Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ti béèrè ní ìpàdé London ní 1860 pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa kọ ìṣirò aláìsàn wọn ní ọ̀nà kan náà. Ó pẹ́ gan-an kí ayé tó dá a lóhùn.

1948: alààyè wọ inú ìwé

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO. Àtúnṣe kẹfà, ti 1948, ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé kan náà yóò gba òkú àti alààyè. Wọ́n fi àìsàn àti ìpalára kún orúkọ ìwé náà pàápàá. Láti ìgbà yẹn ni ẹni tí iṣan rẹ̀ fà, tí kò kú, tó kàn ń jẹ̀rora nílé, ti ní ojú ewé tirẹ̀.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pín ìpalára sí ojú méjì. Ojú kan wà fún ohun tó ṣe ara, ojú kejì wà fún ohun tó fà á. Ẹni tó ṣubú láti orí igi ọ̀pẹ tí eegun rẹ̀ kán, kóòdù kan yóò sọ pé eegun kán, èkejì yóò sọ pé ó ṣubú. Dókítà ló nílò ti àkọ́kọ́ jù. Ìjọba tó fẹ́ dènà ìjàǹbá ló nílò ìkejì jù. Ìbéèrè méjì, nọ́ńbà méjì.

Nígbà tí ìbàdí bá imú gbé yàrá kan náà

Àtúnṣe kẹsàn-án parí ní 1975, Amẹ́ríkà sì ṣe ẹ̀dà tiwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1979, ICD-9-CM. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbàdí ti wá pa wá lẹ́rìn-ín.

Nínú ìwé yẹn, 840 títí dé 848 ni ti oríkèé tó rọ́ àti iṣan tó fà, gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Èjìká ní nọ́ńbà tirẹ̀, orúnkún ní tirẹ̀, itan ní tirẹ̀. Ìbàdí kò ní. 848.5 ni wọ́n fún un, lábẹ́ 848, èyí tó jẹ́ ti àwọn ìpalára yòókù tí a kò lè ṣàlàyé dáadáa. Àwọn wo ni wọ́n jọ wà nínú yàrá yẹn? Eegun rírọ̀ imú, àgbọ̀n, ìhà àti igbá àyà. Ìbàdí tó ń gbé gbogbo ara, tí ọmọ ń gbà kọjá wá sáyé, òun àti imú ni wọ́n jọ há sínú yàrá àwọn tí kò níbùgbé.

Ìwé náà sì kìlọ̀ pé tó bá jẹ́ ìgbà ìbímọ ni ìpalára náà ṣẹlẹ̀, kí a má kọ 848.5, kí a lọ sí orí ìwé tó jẹ́ ti oyún àti ìbímọ. Ìyàtọ̀ yẹn ṣì wà títí di òní. Ìyá tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ farapa nígbà tó ń rọbí, lẹ́tà O ni kóòdù rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀, O71.6. Agbábọ́ọ̀lù tí ti rẹ̀ rọ́ lórí pápá, lẹ́tà S ni. Ojú kan náà lára, ìwé kò kọ wọ́n sójú kan, nítorí ẹni tó ń bèèrè nípa ewu ìbímọ yàtọ̀ sí ẹni tó ń bèèrè nípa ìjàǹbá.

Owó dé

A ní a ó padà sórí ọ̀rọ̀ owó. Ní 1983, ètò Medicare, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, yí bí ó ṣe ń sanwó fún ilé ìwòsàn padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ilé ìwòsàn bá ná ni ìjọba ń san padà. Láti ìgbà náà, iye kan pàtó ni wọ́n ń san fún irú aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Robert Fetter àti John Thompson ní Yunifásítì Yale ló ṣe ìpín-sísọ̀rí tí wọ́n lò. Kóòdù àìsàn sì ni ẹnu ọ̀nà ìpín náà.

Nǹkan yí padà pátápátá. Ohun tí Farr ṣe kí ìjọba lè mọ ohun tó ń pa ará ìlú ti wá di ohun tí ilé ìwòsàn fi ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò. Bí kóòdù kò bá bá ìtọ́jú mu, owó lè má jáde. Bí ó bá sì ti di ọ̀rọ̀ owó, ẹni tó fẹ́ sanwó yóò fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀: apá ọ̀tún ni àbí òsì? Ìgbà àkọ́kọ́ ni àbí ó ti ń bọ̀ tipẹ́? Ṣé iṣan fà ni, àbí nǹkan mú ya á?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ICD-10 ní 1990. Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Kóòdù àìsàn wọn fò láti nǹkan bí 14,000 sí bí 69,000. Àwọn dókítà pariwo. Wọ́n ti kọ́kọ́ dá ọjọ́ sí oṣù kẹwàá 2013, wọ́n sún un sí 2014, wọ́n tún sún un, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kóòdù wà fún ẹni tí pẹ́pẹ́yẹ kọlù, ọ̀kan sì wà fún ẹni tí ìjàpá omi kọlù, W59.22. Àwa tí Alábahun ti kó sí wàhálà nínú àlọ́ láti kékeré mọ̀ pé ẹni tó fún Ìjàpá ní nọ́ńbà tirẹ̀ kò ṣàṣejù.

Bí a ṣe ń ka S39.013A

Ẹ jẹ́ kí a tú u bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ oníhun púpọ̀ ní kíláàsì mọfọ́lọ́jì.

S ni ìpalára. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ń ti òkè ara bọ̀ nísàlẹ̀, bí ìyá ṣe ń wẹ ọmọ. S00 bẹ̀rẹ̀ ní orí, S10 ní ọrùn, S20 ní àyà, S30 ní ikùn, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ àti ìbàdí, títí dé S90 ní ọrùn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ìbéèrè Farr nìyẹn: níbo lára? S39 jẹ́ ti àwọn ìpalára yòókù ní ikùn, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ àti ìbàdí. Oódo tó tẹ̀lé àmì ìdánudúró ń sọ pé iṣan ni, òun àti awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó. 1 ń sọ pé ó fà, kì í ṣe pé nǹkan mú ya á. 3 ń sọ pé ìbàdí ni. Tó bá jẹ́ 1 ló wà níbẹ̀, ikùn ni. Tó bá jẹ́ 2, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni.

A tó kẹ́yìn jẹ́ àfòmọ́ ìparí, irú èyí tí èdè Yorùbá kò ní. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé A túmọ̀ sí pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ni pé ìtọ́jú gangan ṣì ń lọ lọ́wọ́, kódà bó jẹ́ dókítà kẹta ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. D ni pé ara ti ń jinná, tó kàn ń wá fún àmójútó. S ni pé ìpalára ti lọ, àmọ́ ohun tó fi sílẹ̀ kò lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa sì kìlọ̀ fún wa pé kí a má yára. Wọ́n ní tí dókítà bá rí i pé iṣan abẹ́ itan tó ń fa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ló fà, èyí tó wọ́pọ̀ lára agbábọ́ọ̀lù, ti itan ni yóò jẹ́, kì í ṣe ti ìbàdí mọ́. S76.211 ni yóò jẹ́ ní ọ̀tún, S76.212 ní òsì. Ti ìbàdí kò tilẹ̀ bèèrè ọ̀tún tàbí òsì. Wọ́n tún ní àwọn lè fi Y93.66 tì í, kí ó lè hàn pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló ń gbá.

Àwa ńkọ́?

Káàdì "ara ríro" ọ̀rẹ́ wa ló ṣì ń dùn wá.

ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni wọ́n ń lò ní àwọn ilé ìwòsàn wa tó ń kọ kóòdù, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Nínú ti àjọ náà, S39.0 ni ọ̀rọ̀ parí sí. Iṣan ikùn, iṣan ẹ̀yìn, iṣan ìbàdí, ó fà ni o, ó ya ni o, S39.0 ni gbogbo wọn. Kò sí A, kò sí D. Àwọn kan lè ní èyí fi wá sẹ́yìn. Àwa ò rò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè adójútòfò ló bí àwọn nọ́ńbà tó gùn wọ̀nyẹn, a ò sì gbọdọ̀ yá ìdáhùn sí ìbéèrè tí a kò bèèrè. ICD-11 pàápàá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, gba ọ̀nà mìíràn. Dípò kí wọ́n máa to nọ́ńbà tuntun jọ láìlópin, wọ́n gba kí ènìyàn mú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀, kó sì so àfòmọ́ mọ́ ọn bó bá ṣe nílò rẹ̀ tó. Ẹni tó bá mọ mọfọ́lọ́jì kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, èdè wa ti ní ohun tí káàdì yẹn nílò. Òótọ́ ni pé "iṣan" gbòòrò jù. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan là ń pè é. Ohun tó ń gbé apá sókè, iṣan. Ohun tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé Yorùbá kò lè kọ orúkọ àìsàn kó ṣe régí. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe wa ná. Iṣan a máa fà. Oríkèé a máa rọ́, a sì máa yẹ̀. Eegun a máa kán. Kò sí ìyá arúgbó tí yóò sọ pé eegun òun rọ́ tàbí pé iṣan òun kán. Ní ICD-10, ìbàdí tó kán jẹ́ S32, èyí tó yẹ̀ tàbí tó rọ́ jẹ́ S33, iṣan rẹ̀ tó fà sì wà ní S39.0. Ìyàtọ̀ láàrin rírọ́ àti fífà tí ICD-9 dà pọ̀ sínú yàrá kan, ọ̀rọ̀-ìṣe wa ti yà á sọ́tọ̀ tipẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó kọ "ara ríro" kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ló wọ́n òun. Ọ̀rẹ́ wa sọ fún un ní Yorùbá tó ja gaara pé, "Iṣan ìbàdí mi ló fà níbi bọ́ọ̀lù lánàá." Ibi tó wà lára wà nínú gbólóhùn yẹn. Ohun tó ṣe ara wà níbẹ̀. Ohun tó fà á wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tí Farr, Bertillon àti ìpàdé 1948 fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kó jọ ló wà nínú gbólóhùn kan láti ẹnu ọmọkùnrin tó ń tiro, kálàmù sì gbé gbogbo rẹ̀ sọnù.

Ọ̀rẹ́ wa ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ní ti Amẹ́ríkà, ó ti kúrò ní A, ó ti bọ́ sí D. Àdúrà wa ni pé kó má dé S. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe dìde níwájú ẹni tó ń kọ káàdì yín títí tí ẹ ó fi rí i pé ó kọ ibi tó dùn yín, ohun tó ṣe é, ohun tó fà á àti ọjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi kóòdù sí i, ó dára. Bí wọn ò bá fi sí i, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn á gbé ẹni tó kàn dé ibi tó yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe iṣan ìbàdí tó fà ní ìlú tiyín? A ń kó orúkọ rẹ̀ jọ láti ẹ̀ka-èdè gbogbo, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó, Ìgbómìnà, Kétu. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Ó dìgbà kan ná.